Akọ́nimọ̀ọ́gbá Lọ, Akọ́nimọ̀ọ́gbá Dé



Ẹni tó bá ti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed jáde, tó sì dorí kọ Òṣòdì, yóò kan Apákún wa lọ́nà. Lójú àlejò, oríta ọkọ̀ lásán ni. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ibi tí wọ́n gbé tẹlifíṣàn sí tí àríyànjiyàn kan náà kì í ti í bẹ́ sílẹ̀ bí góòlù bá ti wọlé wa: "Ẹ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá yìí lọ!" Àwọn kan a ní òyìnbó ni kí a lọ gbà wá, àwọn mìíràn a ní ọmọ ilẹ̀ wa ló mọ ìwà wa. Lérò tèmi, ìbéèrè náà gan-an ni kò tọ́. Ìṣòro wa kò sí lára ẹni tí a gbà. Ọ̀nà tí a ń gbà gbà á sí iṣẹ́, àti ọ̀nà tí a ń gbà lé e, ni kó yẹ kí a bi ara wa.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ olóògbé Shaibu Amodu. Nígbà tí ìpegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002 fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, òun ni wọ́n pè, ó sì mú wa débẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002 náà, ikọ̀ rẹ̀ ṣe ipò kẹta nínú Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali. Àwọn aláṣẹ ní ipò kẹta kò tó. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ lé Olóyè Adégbóyè Onígbìndé lọ́wọ́, ọmọ Modákẹ́kẹ́ tó ti kó Nàìjíríà dé àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1984. Oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n fún un láti kó ikọ̀ jọ. Ní Japan, Argentina fi 1-0 na wa, Sweden fi 2-1 na wa, àwa àti England sì ta ọ̀mì. Àmì kan ṣoṣo la mú bọ̀ wálé.

Ní ọdún 2008, wọ́n tún pe Amodu padà. Ó tún mú wa pegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010, ó tún ṣe ipò kẹta ilẹ̀ Áfíríkà ní Angola, wọ́n sì tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òyìnbó ni wọ́n gbé e fún: Lars Lagerbäck, tó wà lára àwọn tó darí Sweden lọ́jọ́ tí wọ́n nà wá ní 2002. Ní South Africa, Argentina tún fi 1-0 na wa, Greece fi 2-1 na wa, àwa àti South Korea sì ta ọ̀mì. Àmì kan ṣoṣo náà la tún mú bọ̀.

Ọmọ onílé kan, àlejò kan, èsì kan náà. Ohun tó so ọdún méjèèjì pọ̀ ni pé ẹnìkan ló kọ ebè, ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó wá wa iṣu, wọn kò sì fún un láyè láti mọ ilẹ̀ oko.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wé ọ̀rọ̀ Clemens Westerhof, ọmọ Netherlands tó gba iṣẹ́ náà ní ọdún 1989. Nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 1990, Algeria na ikọ̀ rẹ̀ ní 5-1 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Ká ní ohùn àwọn tó ń pariwo ni wọ́n tẹ̀ lé, ìtàn rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Nínú ìdíje yẹn kan náà, ó kó ikọ̀ dé àṣekágbá. Ní 1992, ó ṣe ipò kẹta. Ní 1994, ó gba ife náà ní Tunisia, ó sì mú Nàìjíríà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún márùn-ún ló gbà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kò jọ pé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wá létí. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, olóògbé Stephen Keshi gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún wa. Ní ọjọ́ kejì, ó kéde pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó pàrọwà fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà kò ju oṣù kan lọ mọ́, wọ́n lé Gernot Rohr, ọmọ Jámánì, lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ rẹ̀ ti sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, FIFA sì pàṣẹ pé kí àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà san owó tó lé ní 370,000 dọ́là fún un.

Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gba Finidi George, ọmọ ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, Benin na ikọ̀ rẹ̀ ní 2-1 ní Abidjan. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Benin? Rohr kan náà tí a lé! Nígbà tí àjọ náà wá ní àwọn yóò gba àjèjì kan tí yóò jẹ́ ọ̀gá lé Finidi lórí, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tí ì lò tó oṣù méjì. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n kéde orúkọ Bruno Labbadia, ọmọ Jámánì mìíràn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ní òun kò wá mọ́. Ìgbà tí Éric Chelle dé ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ omi ti dànù nínú agbè. A kò sì débi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026.

Ẹnìkan lè ní bẹ́ẹ̀ ni ayé bọ́ọ̀lù ṣe rí níbi gbogbo. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn yunifásítì ti ní ikọ̀ tiwọn, Stephen Negoesco di akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì San Francisco ní ọdún 1962, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí di ọdún 2000. Abẹ́ rẹ̀ ni Andy Atuegbu, ọmọ Nàìjíríà, ti gbá bọ́ọ̀lù, tó sì wà lára àwọn tó gba ife gbogbo yunifásítì ilẹ̀ náà. Lóde òní, àwọn náà ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ló lọ bá òbí ọmọ ṣèlérí, àti pé bí ó bá lọ, ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Nítorí náà ni wọ́n fi la ọ̀nà tí ọmọ lè gbà kúrò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Kí ló wá kan èmi àti ẹ̀yin nínú èyí? Ó kàn wá púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ lónìí lórí ọ̀rọ̀ ẹnu: "Ẹ ṣì máa bẹ̀rẹ̀ ná, a ó sọ̀rọ̀ owó tó bá yá." Ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gba àròkọ mẹ́fà lọ́wọ́ mi lọ́nà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ olóòtú, olóòtú tuntun ní òun kò mọ̀ nípa àdéhùn kankan, owó náà sì wọlẹ̀ títí dòní. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Rohr àti FIFA, ohun tó yé mi ni pé ìwé ló gbà á sílẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta, kí ẹ sì rí i pé a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe? Ìgbà wo ni wọ́n retí èsì? Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ mọ́, báwo ni ẹ ó ṣe pínyà, kí sì ni yóò jẹ́ ẹ̀tọ́ yín? Bí ẹ̀yin ni ẹ sì ń gba ènìyàn síṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń bá yín tajà tàbí olùkọ́ àwọn ọmọ yín, ẹ dá a lóhùn kó tó béèrè.

Ní ti Super Eagles, nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá pariwo pé kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ bi í léèrè: ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún un, ṣé wọ́n sì ti san owó oṣù rẹ̀?

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.