Ẹ Má Fi Orin Ìgbà Èwe Wa Ṣe Pàṣán

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa láti ìgbà ìkórè tó kọjá, ó sì ti tó kí a sọ ọ́ síta. Àwọn àgbà kan ní kí àwọn ọ̀dọ́ gbé kíbọ́ọ̀dù àti gángan wọn kúrò nínú ìsìn àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ní ariwo lásán ni. Wọ́n ní orin tí àwa gbọ́ nígbà èwe ló mọ́, òun ló ní ìtumọ̀. Pé ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí, orin ilé ọtí ni wọ́n gbé ẹ̀wù ìjọ wọ̀.

Èmi náà ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Orin tí wọ́n ń sọ yẹn, ó wà lára mi bí ilà ojú. Nítorí pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa ni mo ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí dáadáa. Àwa tí a dàgbà sí Sabon Gari ní Kánò, oríṣi orin mẹ́ta ló tọ́ wa. Èkíní ni ti agboolé: àlọ́ Ìjàpá lálẹ́, bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran nígbà tí òṣùpá bá lé. Ìyá tí kò mọ̀wé ló ń dá orin, àwa ọmọ ń gbè é. Èkejì ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá láti inú ìwé orin. Ẹ̀kẹta ni ti giramafóònù àwọn bàbá wa: I. K. Dáíró, Haruna Ìṣọ̀lá, Ebenezer Obey, lẹ́yìn náà Sunny Adé.

Ṣé ẹ̀kẹta yìí mọ́ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lónìí? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Olórin ń ki olówó, olówó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Àwọn kan ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù bú ara wọn, àwa ọmọdé sì mọ èébú náà lórí. Àwọn àgbà ìjọ nígbà náà kò pè é ní orin tó ní ìtumọ̀ o. Orin ayé ni wọ́n pè é. Àwọn tí wọ́n ń bá wí nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló wá ń fi í ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ ẹlòmíràn lónìí. Kì í ṣe pé orin náà di mímọ́, àwa ni a di àgbà.

Wọ́n tún ní ìlù kò bá ilé Ọlọ́run mu. Ìlù wo? Nígbà tí ìhìnrere dé ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ìjọ kọ ìlù sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń lù ú nídìí òrìṣà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwọn bàbá wa ló gbà pé ohùn òyìnbó nìkan ni Ọlọ́run ń gbọ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, ṣe orin ìyìn ní ohùn Yorùbá, ó sì kọ wọ́n sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920. Ní 1925 ni Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lùlù, wọ́n ń jó, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Lónìí, ìjọ wo ni kì í pàtẹ́wọ́? Dáíró tí a ń sọ yìí, tó gba oyè MBE ní 1963, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Obey náà di ajíhìnrere. Ògiri tí àwọn kan ń mọ sáàárín agbo olórin àti ilé ìjọsìn, kò sí níbẹ̀ rí.

Ti ìtumọ̀ wá ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ohùn orin òyìnbó bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di nǹkan mìíràn lẹ́nu akọrin. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Christ Church ní Èkó, sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Àwa ò gbọ́ àbùkù náà mọ́, torí pé láti kékeré ló ti mọ́ wa létí. Gángan ńkọ́? Yorùbá ni gángan ń sọ. Kò lè gbé ohùn gba ibi tí ọ̀rọ̀ kò gbà. Nínú méjèèjì, èwo ló wá sún mọ́ ìtumọ̀ jù?

N ò sọ pé gbogbo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ló dára. Sípíkà wọn ń dún jù. Àwọn ọmọ ọwọ́ ń sunkún, aláìsàn ń di etí. Orin kan wà tí wọ́n ń tún gbólóhùn kan ṣoṣo pè títí tí ẹnu á fi rẹni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀tá nìkan ló ń bá jà, kò dárúkọ Olúwa. Ẹ bá wọn wí lórí ìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú orin ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọjọ́ orí ẹni tó ń kọ ọ́. Òṣùwọ̀n tí a bá fi wọn tiwọn ni kí a fi wọn tiwa.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nípàdé. Àwọn ọmọ wa ń sọ Hausa lọ́jà, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni púpọ̀ nínú wọn ń bá ìyá wọn sọ. Ọmọ ọdún méjìlá á kọ orin Yorùbá tán, á wá bi mí pé, "Bàbá, kí ni wọ́n ń pè ní ìyè?" Láti 1912 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Kánò ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ibòmíràn ti ń gbé ọjà, èdè àti ìsìn wọn wá sí Òkè Ọya. Èdè yẹn ló kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ wa. Gángan wà lára ohun tó ṣì ń fa àwọn ọmọ yìí wá síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá. Bí a bá lé gángan, wọ́n á tẹ̀ lé e jáde; ìsìn Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà. Ogún ọdún sí i, ta ni yóò jókòó sí ìsìn Yorùbá tí a ń jà lé lórí yìí?

A fẹ́ràn láti máa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ òwe náà kò ní kí àgbà lé ìyá ọmọ kúrò lọ́jà. Ó ní kó bá a gbé orí ọmọ dúró.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ láti ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Kí gángan dúró, kí sípíkà rẹlẹ̀. Kí ẹnì kan máa la ìtumọ̀ orin àkọ́kọ́ yé àwọn ọmọ kí a tó kọ ọ́. Kí àgbà kan sì máa wá sí gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan láti kọ́ àwọn ọmọ ní orin kan láti ìgbà èwe rẹ̀: ti àlọ́, ti eré òṣùpá, ti ìsìn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ fi gángan gbè é, kí wọ́n gbè é.

Ẹni tó bá mọ̀ pé orin ìgbà tòun ló dùn jù, kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Orin tí a kò kọ́ ọmọ, a ò lè torí rẹ̀ bá ọmọ wí.