Ẹ Jẹ́ Kí Eré Padà Síbi Oúnjẹ

Ó yẹ kí àwọn gbọ̀ngàn ìnáwó wa ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Èkó máa gbé eré orí ìtàgé kalẹ̀ fún ẹni tó bá wá jẹun. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo sì ti ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń se ìrẹsì, àmàlà àti ẹran fún ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà káàkiri ìgboro Ìbàdàn. Mo mọ àwọn tó ní àga, mo mọ àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀, mo mọ àwọn onílù tó ń wá iṣẹ́. Gbogbo ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ló ti wà lọ́wọ́ wa, àfi eré náà nìkan.

Ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé níbẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa méjèèjì, a lọ sí ilé eré kan tí wọ́n ṣe bí ilé ọtí bòńkẹ́lẹ́ ayé àtijọ́, nígbà tí òfin de ọtí ní Amẹ́ríkà. Kò sí pátákó kankan níta. Ilẹ̀kùn lásán ni, tó ní fèrèsé kékeré kan tí kò ju ojú ènìyàn lọ. A kanlẹ̀kùn, ọkùnrin kan tó dé fìlà òyìnbó yọjú, ó ní ta ló rán wa wá. Ọmọ mi fà mí lápá: "Mọ́mì, ẹ má tíì dá a lóhùn o. Ọ̀rọ̀ àṣírí kan wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sí i létí." Ó sọ ọ́, ilẹ̀kùn ṣí, a sì bá ara wa láàárín fèrè, dùùrù àti ìlù.

Ọmọbìnrin tó gbé ọbẹ̀ wá sí tábìlì wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kí a tó mu ún tán. Òṣèré ni. Ọkùnrin tó ń nu tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà, òṣèré ni, òun ló jẹ gbèsè ọ̀gá tó ni ilé ọtí náà nínú eré. Inú ife tíì ni wọ́n ń bu ọtí sí, bí wọ́n ti ń fi pamọ́ lójú ọlọ́pàá nígbà náà lọ́hùn-ún. Èmi kì í mutí, wọ́n bu omi èso sínú tèmi. Lẹ́yìn tí a jẹ ẹran tán, fèrè ọlọ́pàá dún lẹ́nu ọ̀nà, iná kú, ọ̀gá ilé ọtí náà sì ké sí wa pé kí kálukú gbé ife rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Gbogbo yàrá ló ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́. Nígbà tí iná padà dé, àwọn òṣèré tó wọṣọ ọlọ́pàá ti dúró láàárín wa, wọ́n ń bi ènìyàn léèrè ohun tó ń mu.

Bí wọ́n ṣe ṣètò oúnjẹ ni mo wò jù. Ìgbà tí orin bá ń lọ ni àwo ń jáde. Bí òṣèré bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé nǹkan kọjá níwájú rẹ̀, ṣíbí kò sì gbọdọ̀ kan àwo nínú ilé ìdáná. Wọ́n ti gé ẹran náà wẹ́wẹ́ láti inú ilé, kí ariwo ọ̀bẹ má baà bo ohùn eré mọ́lẹ̀. Owó kan náà la san fún oúnjẹ àti ìran, a sì ti san án kí a tó kúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún alásè. Lóde ìnáwó tiwa, ẹni tó ní igba ènìyàn lòun pè lè rí irinwó, tàbí kí òjò rọ̀, kí oúnjẹ ku ìdajì sínú kúlà. Níbi tí ènìyàn ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, alásè ti mọ iye ẹnu tó fẹ́ bọ́ kó tó lọ sọ́jà.

Òótọ́ lohun tí wọ́n fi ṣeré. Ọjọ́ 17, oṣù Kínní, ọdún 1920 ni òfin tó de ọtí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ó de ẹni tó ń ṣe ọtí, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń gbé e kiri, títí di ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 1933 tí wọ́n fagi lé e. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ilé ọtí bòńkẹ́lẹ́ pọ̀ káàkiri àwọn ìlú ńlá. Ọtí tí wọ́n ń pọn lábẹ́lẹ̀ burú lẹ́nu, èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń po oyin àti omi ọsàn mọ́ ọn. Al Capone di olówó ní Chicago nídìí òwò náà. Ní ọdún 1929, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin méje lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú gáréèjì kan ní ìlú náà nítorí ìjà àwọn oníṣòwò ọtí. Ọ̀rọ̀ owó orí tí Capone kò san ló padà gbé e dẹ́wọ̀n ọdún 11 ní 1931.

Inú mi dùn sí alẹ́ náà. Síbẹ̀, ohun méjì kan wà tí wọn kò sọ fún wa, ó sì dùn mí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn olórin. Jáàsì ni wọ́n fi gbé eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé àwọn èèyàn dúdú tó kúrò ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló gbé orin náà wá sí Chicago. Louis Armstrong dé ìlú náà ní 1922 láti wá bá King Oliver fọn fèrè ní Lincoln Gardens, ní agbègbè àwọn èèyàn dúdú. Ní New York, Duke Ellington bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cotton Club ní 1927. Èèyàn dúdú ló ń kọrin, tó ń jó, tó ń gbé oúnjẹ níbẹ̀, àwọn funfun nìkan ni wọ́n sì ń gbà wọlé láti jókòó. Ẹni tó bá ta ìran ayé ìgbà yẹn fún wa tó sì fo ìyẹn, ìdajì ìtàn ló tà.

Ìkejì ni májèlé. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ po májèlé mọ́ sípíríìtì tí wọ́n ń lò fún ọ̀dà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Methanol wà lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Àwọn ọ̀daràn ń jí i, wọ́n ń tún un sè, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tálákà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fọ́jú, ọ̀pọ̀ kú. Methanol kì í fi ara rẹ̀ hàn fún ẹni tó ń mu ún. Ojú wà lára ohun tó máa ń kọlù.

Ibi tí mo ti ronú kan ilé nìyẹn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlé, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ènìyàn ń fọ́jú, wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń jà. Àyẹ̀wò àwọn dókítà fi hàn pé methanol ni, nínú ògógóró tí wọ́n mu. Májèlé tó pa àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà òfin ọtí náà ló pa àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ ní Òde-Ìrèlé lójú wa.

Àwa náà ní òfin ọtí tiwa nígbà kan. Ní 1919, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, nílẹ̀ Faransé, láti dá òwò ọtí líle olówó pọ́ọ́kú dúró ní Áfíríkà. Síbẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà gba jíìnì olówó gọbọi láyè láti máa wọlé, nítorí owó bodè tó ń pa lórí rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí 1930, owó epo pupa já wálẹ̀, agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ká jíìnì òyìnbó mọ́. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sè ẹmu ògùrọ̀ nínú àgbá, wọ́n fi páìpù bàbà gba oru rẹ̀ kọjá nínú omi tútù, ògógóró ń kán sínú ìgò. Òfin ìjọba lòdì sí i nígbà náà: ẹni tí ọlọ́pàá bá ká mọ́ ìdí àgbá, ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n ni. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ará ilẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí ń ṣe sódabì, ògógóró tiwọn, bákan náà, ìjọba Faransé sì ń lé wọn kiri.

Ẹ wo eré tó wà nínú ìyẹn! Obìnrin kan nínú ọkọ̀ ojú omi lóru, tó kó ìgò sábẹ́ agbọ̀n ẹja. Ọlọ́pàá tó jẹ́ ọmọ ìlú kan náà, tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń rà á. Adájọ́ òyìnbó tó mu jíìnì tirẹ̀ lálẹ́, tó sì dá ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n fún obìnrin náà láàárọ̀. Mo ti ronú oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú: pẹpẹ súùpù ẹja tútù ni ká fi ṣíde, púpúrú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja láti fi bọ̀wọ̀ fún Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ tó ni ìtàn náà, lẹ́yìn náà ọ̀pẹ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni mu ọtí. Omi àgbọn nínú ìgò jíìnì ti tó láti fi ṣeré. Kí òpin eré náà sì sọ ọ̀rọ̀ Òde-Ìrèlé gbangba, kí ọ̀dọ́ tó bá wò ó mọ̀ pé ọtí tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè fọ́ ojú rẹ̀.

Ẹni tó bá ní àṣà òyìnbó ni mo ń kó wọlé, kó wo ẹ̀yìn wò. Ilé oúnjẹ kan ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn, ni Wọlé Ṣóyínká, J.P. Clark, Ulli Beier àti àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ di ibi eré tí wọ́n pè ní Mbari ní 1961, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń ṣeré níbẹ̀. Ní Òṣogbo, Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962. Ibẹ̀ ni *Ọba Kò So* ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì dé Berlin ní 1964. Inú ilé ọtí kékeré kan ní Òṣogbo ni eré tó gbórúkọ wa dé òkè òkun ti jáde! Lónìí, ní Èkó, ilé oúnjẹ àti ìtàgé wà pa pọ̀ ní Terra Kulture, ní Victoria Island. Ẹyọ kan kò lè tó gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, owó Victoria Island kì í sì í ṣe owó gbogbo ènìyàn.

Mo ti gbọ́ àtakò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ. Wọ́n ní èèyàn wa kì í dákẹ́ wòran, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa dá sí i. Irú eré yìí ń fẹ́ kí wọ́n dá sí i ni! Wọ́n ní ọ̀nà kò dára lóru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí kálukú ti máa lọ sílé ní aago méje. Wọ́n ní gbọ̀ngàn wọ́n. Ó wọ́n ní Sátidé. Láti Mọ́ńdè títí dé Tọ́sìdè, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ṣófo, ẹni tó ń ṣọ́ wọn ń sùn lẹ́nu géètì. Òṣèré tíátà tó mọṣẹ́ sì wà ní Ìbàdàn tó ń dúró de ẹni tó máa pè é fún fíìmù, ó lè lo oṣù kan láìrí ìpè.

Mo bẹ ẹ̀yin onígbọ̀ngàn: ẹ fi Tọ́sìdè kan lóṣù sílẹ̀ fún eré, kí ẹ gba ìpín nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì dípò owó ilé. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka tíátà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀, ẹ lọ bá àwọn àgbà ní Òkìtìpupa àti Ìgbókọ̀dá, kí ẹ kọ ìtàn àgbá ògógóró sílẹ̀ kí wọ́n tó kú tán. Ẹ̀yin alásè ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká gba owó oúnjẹ tó mọ níwọ̀n, kí olùkọ́ àti oníṣòwò kékeré lè mú ọmọ wọn wá. Kí owó òṣèré sì kọ́kọ́ jáde kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó pín èrè.