Ikú Ilé Tí Wọ́n Ń Tà Lọ́jà

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ adájọ́, kì í ṣe àwọn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fà wá síwájú yín. Àwọn ilé iṣẹ́ tó kan ilẹ̀kùn láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i, tí wọ́n sì gbowó ilẹ̀kùn náà pé, ni mo wá bá ṣẹjọ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹ̀sùn kìíní, Fiat Chrysler, tó ń ṣe ọkọ̀ Jeep nígbà náà. Ní 2015, nítòsí ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, oníròyìn Andy Greenberg ń wa Jeep Cherokee kan lọ lójú títì márosẹ̀. Inú ilé ni Charlie Miller àti Chris Valasek, àwọn olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà, jókòó sí tí wọ́n ti gba ẹ̀rọ orin ọkọ̀ náà wọlé. Orin ṣàdédé bú sókè, atẹ́gùn tútù ń rọ́ jáde, wáípà ń gbá gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n já jíà rẹ̀. Greenberg tẹná, tẹná, ẹ́ńjìnnì ń han gooro, ọkọ̀ kò lọ, ọkọ̀ àjàgbé sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdánwò ni, òun fúnra rẹ̀ ló gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án tí àwọn méjèèjì ti ń bá ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ nípa ihò yìí. Àtúnṣe tó wá jáde, wọ́n ní kí onímọ́tò fi USB gbé e wọlé fúnra rẹ̀, tàbí kó wa ọkọ̀ lọ bá wọn. Ìgbà tí ìròyìn lu síta ni wọ́n tó pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 1.4 padà. Ìtìjú ni wọ́n sá fún, wọn kò sá fún òkú.

Ẹ̀kejì kò gba àlàyé púpọ̀. Xiongmai, ní ìlú Hangzhou ní Ṣáínà, ṣe ẹ̀yà kámẹ́rà tí páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ xc3511 ní gbogbo ilé, tí onílé kò sì lè yí i padà. Mirai, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, kàn ń dán irú páàsìwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ wò ni, nǹkan bí ọgọ́ta péré. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2016, àwọn kámẹ́rà inú ilé wọ̀nyẹn ya bo Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́ka ọ̀nà sí àwọn ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì, Twitter àti Netflix sì dákú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Wọ́n sọ ilé oníbàárà di ibùba ọlọ́ṣà láìjẹ́ kó mọ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. CloudPets jẹ́ ọmọláńgidi onírun. Ọmọ á fún ọwọ́ rẹ̀, á sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì dé orí fóònù bàbá tó wà lọ́nà jíjìn. Àkáǹtì tó lé ní 800,000 ni Spiral Toys, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kó síbi ìpamọ́ kan tí kò ní páàsìwọ́ọ̀dù rárá, pẹ̀lú ọ̀nà tó já tààrà sí ohùn tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Lẹ́tà “a” nìkan tó láti fi ṣe páàsìwọ́ọ̀dù àkáǹtì òbí. Láti ìparí 2016 ni àwọn onímọ̀ ààbò ti ń kìlọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, kò dáhùn. Nígbà tó fi di oṣù kìíní 2017, olè ti wọlé, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ohùn ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi sílẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì di etí sí ìkìlọ̀.

Ring, ilé iṣẹ́ tó ń ta kámẹ́rà ààbò ilé, ló gbẹ̀yìn. Ní 2023, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, fẹ̀sùn kàn án pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan fi oṣù mélòó kan ní 2017 wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò àwọn obìnrin nínú yàrá àti balùwẹ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tú u fó, ilé iṣẹ́ kò tilẹ̀ fura. Mílíọ̀nù 5.8 dọ́là ni Ring gbà láti san. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn obìnrin náà tó lè gba ìhòòhò rẹ̀ padà lójú ẹni tó ti wò ó.