Òórùn Dídùn Kọ́ Ni Ìmọ́tótó: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Tún Inú Ọkọ̀ Wa Ṣe Nílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé tó ní ọkọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé bá ti mọ́, ara ọkọ̀ ni wọn yóò dojú kọ. Wọn yóò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọn yóò nù ún, wọn yóò tún fi nǹkan dúdú kun táyà títí tí yóò fi máa dán bíi bàtà ọ̀gá sójà. Inú ọkọ̀ ńkọ́? Wọn yóò fọ́n lọ́fínńdà sí i, wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn pa. Ó parí.

Èmi kò gbà pé ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: inú ọkọ̀ ló yẹ kó gba ìtọ́jú ju ara rẹ̀ lọ, ilé wa ló yẹ ká ti máa tún un ṣe, àwa tí à ń jókòó sínú rẹ̀ ló sì yẹ ká máa ṣe é. Ọṣẹ, omi díẹ̀, àkísà àti afẹ́fẹ́ ti tó fún iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fi òórùn dídùn bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ kò tíì tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń bẹ nínú ọkọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn níbi tí mò ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa ojú ọ̀nà wa ń bá bàtà wọlé. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku funfun ń gba ojú fèrèsé wọ̀ ọ́. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ máàtì tí à ń tẹsẹ̀ lé, omi ń rin kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò bu gẹ́gẹ́ bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu. Ọjà Bódìjà ni ìyá mi ti ń ra ẹja àti tòmátì; bí omi ẹja bá jò sínú búùtù, imú ni yóò sọ fún wa lọ́jọ́ kejì. Àwa ọmọ ńkọ́? À ń jẹ búrẹ́dì, gúgúrú àti ẹ̀pà lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Èérún rẹ̀ ń bọ́ sí àlàfo ìjókòó, èèrà àti aáyán sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù wá lọ.

Àárín gbogbo èyí ni a máa ń jókòó sí tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ká wa mọ́, tí a ti gbogbo fèrèsé, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ eruku kan náà padà sí wa lójú. Àbúrò mi obìnrin ní ikọ́ fée. Eruku àti ohun tó bá ti bu wà lára àwọn nǹkan tí dókítà ní kó máa yàgò fún. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé kí a tó dé ilé-ìwé, àyà rẹ̀ á ti máa dún bí ìgbà tí èèyàn ń fọn fèrè. Ta ni dídán ara ọkọ̀ ń ṣe láǹfààní nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń kọjá lọ́nà ló ń wo ara ọkọ̀, àwa la ń mí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí àìsàn nìkan. Lọ́dún tó kọjá, a ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, bàbá mi tẹ bíréèkì, bíréèkì kò wọlẹ̀. Ike omi kan tó ti ń yí kiri lábẹ́ ìjókòó láti ọjọ́ mélòó kan ló yí lọ há sábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi yára fa bíréèkì ọwọ́, Ọlọ́run sì kó wa yọ. Díẹ̀ ló kù kí a rọ́ lu kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó wà níwájú wa. Ara ọkọ̀ wa mọ́ lọ́jọ́ náà o! Kò tíì pé ọjọ́ méjì tí a fọ̀ ọ́. Láti 1988 tí ìjọba ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀. Wọ́n ń yẹ táyà wò, wọ́n ń béèrè bẹ́líìtì ìjókòó, ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó yín? Láyé àwọn ìyá wa àgbà, wolé-wolé máa ń wọ inú ilé, á sì ṣí ìkòkò omi wò. Ẹ̀yin fúnra yín ni wolé-wolé inú ọkọ̀ yín. Kò sí ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní, "Ọkọ̀ tiwa kì í rùn, a ti fi káńfọ̀ sí i." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ní ilé ìwòsàn aláboyún, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má ṣe fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Ìdí ni pé náfútálíìnì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú káńfọ̀ oníhóró funfun tí à ń rà lọ́jà. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò tó lára wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn náfútálíìnì símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ó sì ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Bí ó bá le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè pa á. Àìtó G6PD yìí wọ́pọ̀ gan-an láàárín wa, pàápàá láàárín àwọn ọmọkùnrin, a kì í sì í rí i lójú.

Wàyí o, ìyá tó gbọ́ ìkìlọ̀ nọ́ọ̀sì, tó kó gbogbo káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ, yóò wá gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta sínú ọkọ̀ tí wọ́n ju káńfọ̀ sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ní ọjọ́ tí òde bá gbóná tó 35°C, inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn lè kọjá 50°C láàárín wákàtí kan. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i ni káńfọ̀ ń yára yọ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ bá mi dá a lójú ara yín: èwo ló burú jù, àpótí aṣọ tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, tàbí àpótí onírin tó ń gbóná nínú oòrùn, tí ọmọ sì wà nínú rẹ̀?

Àwọn mìíràn kì í bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n ń lé e, ṣùgbọ́n májèlé ni wọ́n fi ń lé e. Ọmọ SS2 ni mí, a sì ti kà nípa gáàsì kílórínì nínú iṣẹ́ Kẹ́mísírì. Bí ẹnikẹ́ni bá da bílíìṣì tí gbogbo wa ń pè ní háípò pọ̀ mọ́ ọṣẹ olómi oní-ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gáàsì yìí ni yóò jáde. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1915. Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ kí ìjókòó funfun tètè mọ́, tó po méjèèjì pọ̀ nínú ọkọ̀ tí kò tó yàrá ìdáná! Háípò nìkan pàápàá kò dára lára bẹ́líìtì ìjókòó, nítorí ó ń sọ okùn rẹ̀ di aláìlágbára. Bẹ́líìtì náà yóò funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ni yóò já.

Bẹntiróòlù tún ńkọ́? Mo ti rí àwọn tó ń fi í yọ ṣingọ́ọ̀mù àti ọ̀dà kúrò lára ìjókòó. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń rọra tò sí. Ìtapàrà iná kékeré kan ti tó láti sọ ìmọ́tótó di òkú ọ̀fọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé, "Káàwọ́ọ̀ṣì kò ha wà?" Ó wà. N kò bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jà, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, kí Ọlọ́run bù sí i. Kí wọ́n máa fọ ara ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ márùn-ún ló ń dúró dè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí àkísà tó nu táyà ọkọ̀ kan tó tún nu ìjókòó òmíràn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da omi gọbọi sórí kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì dá ọkọ̀ padà fún olówó rẹ̀ ní tútù. Wáyà ń bẹ lábẹ́ ìjókòó àti lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Omi tó bá dúró síbẹ̀ lè bà á jẹ́. Ẹ ò sì lè bá wọn wí, nítorí wọn kò mọ̀ pé ọmọ tó ní ikọ́ fée ni yóò jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Àwọn kan yóò ní àkókò kò sí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré lọ́sẹ̀ ti tó fún ọkọ̀ kékeré tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò tíì di òkè. Àwa ọmọ ń lo jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí fóònù kí a tó jẹun àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí iṣẹ́ ọkùnrin. Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ló jẹ gúgúrú ni? Ṣé ọkùnrin nìkan ló ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọkọ̀? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bàbá lè gbé ìjókòó sẹ́yìn sẹ́wájú, ṣùgbọ́n ọwọ́ àbúrò wa ló wọ abẹ́ rẹ̀ láti fa ike omi jáde. Kò sí iṣẹ́ ilé tó bá ìdílé mu tó báyìí.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ pa á, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ kó gbogbo ẹrù, bébà àti ike kúrò, ẹ kó máàtì jáde kí ẹ gbọ̀n wọ́n dáadáa. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí eruku má baà tún bọ́ sórí ibi tí ẹ ti nù. Ẹ fi àkísà tó rin díẹ̀ nu dáṣíbọ́ọ̀dù àti sítíárìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọ́n eruku kúrò lẹ́nu ihò tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìjókòó àti àlàfo rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbá ilẹ̀. Níbi tí nǹkan bá dà sí, ọṣẹ díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Ẹ fún àkísà náà dáadáa, ẹ nù ún, ẹ má da omi sí i. Bẹ́líìtì náà, ọṣẹ díẹ̀ àti omi ni, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó jẹ́ kó ká padà. Ẹ má ti ilẹ̀kùn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, asẹ́ kan wà lẹ́yìn àpótí kékeré tó wà níwájú èrò iwájú, òun ló ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín kó fi hàn yín. Ẹlòmíràn ti wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé ó wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má rò pé àwọn òbí nìkan ni mò ń bá wí. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń kó ọmọ tó pọ̀ ju ti ọkọ̀ ilé lọ. À ń gbá kíláàsì lójoojúmọ́, olórí kíláàsì sì ń kọ orúkọ ẹni tí kò bá gbá a. Ta ló ń gbá bọ́ọ̀sì? Ẹ pín in fún wa bí ẹ ṣe pín kíláàsì. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má dúró kí wọ́n tó rán yín. Ẹni tó bá jẹ nǹkan nínú ọkọ̀, kó mú ọ̀rá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, mo mọ̀ pé ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ tó bu omi sí ara ọkọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ju káńfọ̀ nù, ẹ sì pe gbogbo wa jáde. Inú ọkọ̀ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Bí omi bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ ká fi fọ ara rẹ̀.