Igi àti Àyè Mọ́tò

Ní ọdún 2017 ni ìlú Buffalo, ní Amẹ́ríkà, fagi lé òfin tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí ń kọ́lé pèsè àyè mọ́tò. Ìpinnu rere ni, nítorí níbi tí ilẹ̀ há láàárín ìlú, igi ni ó sábà máa ń forí fá irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi tí a kò gé kò tí ì bọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn púpọ̀. Bí mọ́tò bá tẹ ilẹ̀ náà títí ó fi le, tí a sì fi ọ̀dà bò ó, omi àti afẹ́fẹ́ kì yóò ráyè wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rọ. Kọ́lékọ́lé ti gba owó rẹ̀ lọ. Ọgbà ni kí a kọ́kọ́ ṣe yí i ká, kí bíríkìlà tó dé.