Ẹ Tún Ilé Tò Kí Ẹ Tó Na Ológìnní

Bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté, gbogbo wa ni a mọ èyí; síbẹ̀, nígbà tí arìn-má-dún-lẹ́sẹ̀, ìbátan ẹkùn, bá gbé ẹja àrọ̀ inú ìkòkò lọ sábẹ́ ibùsùn, pàṣán ni a kọ́kọ́ ń wá, bí ẹni pé òun ni ó fi ìkòkò sílẹ̀ láìdé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní ìlẹ̀kùn ni kí ẹ kó ẹja sí, nítorí orí tábìlì kò ga lójú ẹranko tí ń fò ní ìlọ́po ìlọ́po gíga ara rẹ̀.

Ní ti àga tí ológìnní ń ya, kì í ṣe ìkà: èèpo èékánná tí ó ti gbó ni ó ń bọ́ dànù, ó sì ń fi òórùn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sàmì sí ààlà rẹ̀. Ẹ we okùn mọ́ ìtì igi tí yóò máa fi èékánná ha dípò àga, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga náà gan-an. Èyí tí ẹ bá gbé sẹ́yìnkùlé, tiyín ni, kì í ṣe tirẹ̀. Àwo tánganran ìyàwó ilé ńkọ́? Ẹ kó o kúrò létí pẹpẹ.