Ẹ Má Fi Oorun Ra Àlá



Àwọn kan ń kọ́ni lórí fóònù pé kí ẹ fi aago jí ara yín lóru, kí ẹ tún padà sùn, kí ẹ lè máa mọ̀ lójú àlá pé àlá lẹ̀ ń lá.

Kì í ṣe irọ́ pé èèyàn lè mọ̀. Lọ́dún 1975, ní Yunifásítì Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan tó ń sùn yí ojú sọ́tùn-ún sósì lójú àlá, bí òun àti Keith Hearne ṣe jọ ṣàdéhùn.

Aago òru yẹn ni mo takò! Ìdájí ni àlá ń pọ̀ jù. Ẹni tó gé oorun, àlá gan-an ló gé. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí lọ sọ́jà ní ìdájí, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èwo lẹ tún fẹ́ gé níbẹ̀? Àìsùn ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ sùn tẹ́rùn. Kí ẹ tó sùn, ẹ sọ fún ara yín pé: "Bí mo bá ń lá àlá, màá mọ̀ pé àlá ni." Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ẹ tó dìde, ẹ ro àlá yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí nǹkan ń lé lójú àlá lè tipa bẹ́ẹ̀ dúró, kó má sá mọ́.

Àmọ́ bí àlá burúkú kò bá jẹ́ kí ẹ sùn, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.